Ìwọ̀n Imú Kàráfáànù

Tí inú bá ń bí ènìyàn nínú kàráfáànù, kò síbi tó máa gbé e sí. Ilé tí mọ́tò ń fà kiri ni, ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi páálí, bí ọkọ bá sín lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, aládùúgbò á kí i ní pẹ̀lẹ́ láti ọ̀hún. Nítorí náà, àwọn tó ń fi kàráfáànù gbafẹ́ ní Yorkshire nílẹ̀ òyìnbó ní àṣà kan: inú mọ́tò ni wọ́n ti ń jà. Tọkọtaya á jókòó síwájú, wọ́n á gbé gbogbo gíláàsì sókè, wọ́n á bú ara wọn dáadáa, wọ́n á wá sọ̀kalẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n á gbé omi kaná fún tíì. Ẹni bá rí mọ́tò tó dúró, tí èémí ti bo gíláàsì ẹ̀, á gbójú kúrò níbẹ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni Hazel Garforth ti ń gbé ìjà kan pamọ́ de mọ́tò. Ó ti pinnu pé ọjọ́ tí òun àti Clive ọkọ òun bá ń padà sílé ní Wakefield lòun máa já a sílẹ̀, nígbà tí Clive bá di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú, tí kò ríbi sá sí. Obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ni. Irun ló ń ṣe fún àwọn obìnrin kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti gbọ́ àṣírí ilé onílé tó bẹ́ẹ̀ tó fi mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ṣùgbọ́n èyí kò fẹ́ jókòó sábẹ́ ahọ́n. Bó bá ń fọ abọ́, inú ń bí i. Bó bá dùbúlẹ̀, tó gbọ́ bí Clive ṣe ń hanrun bí ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ẹ̀ṣẹ̀, inú a tún bí i sí i.

Pápá kan lẹ́yìn ìlú Hawes ni wọ́n wà, níbi tí àgùntàn ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. Clive ni ọ̀gá pápá náà. Kò sẹ́ni tó yàn án. Ó kàn ń wá síbẹ̀ lọ́dọọdún ni, ó sì ń sọ̀rọ̀ sókè. Bí àlejò bá dé, tó ń fi ẹ̀yìn gbé kàráfáànù wọ àyè tí wọ́n fún un, gbogbo ará pápá á jáde pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, wọ́n á máa ṣe bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀run, bẹ́ẹ̀ àlejò tó ń làágùn ni wọ́n ń wò. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́ àfi tó bá bẹ̀bẹ̀. Clive nìkan ni kì í dúró de ẹ̀bẹ̀. Á rìn lọ, á na apá méjèèjì, á ní, "Yí i sọ́tùn-ún. Ọ̀tún ni mo wí. Àbí ọ̀tún ti yí padà lọ́dọ̀ tiyín ni?" Tẹ́lẹ̀, ó máa ń wu Hazel bó ṣe ń ṣe é. Òpónú ni mí, ó ń sọ fún ara rẹ̀ báyìí, òpónú tó wẹ̀ tó tún pa kíríìmù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Nígbà ìrúwé tó kọjá, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lójú ọ̀nà A1, nítòsí Wetherby. Hazel ti sùn lọ. Ohun tó jí i ni pé ìdí mọ́tò ń fì. Kàráfáànù náà ya sọ́tùn-ún, ó ya sósì, ó ń fa mọ́tò tẹ̀lé ara rẹ̀, bí ìgbà tí ajá ńlá bá ń wọ́ ọmọdé tó di okùn ẹ̀ mú. Bó ṣe ń fì ló ń le sí i. Ejò ni àwọn tó ń fa kàráfáànù ń pè é láàárín ara wọn. Wọ́n á ní kàráfáànù lágbájá di ejò. Ẹni tí tiẹ̀ bá di ejò kì í sábà padà wá ròyìn, torí ilé á dojú dé, á sì gbé mọ́tò dání. Hazel rí tírélà funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gan-an, ó lọgun, ó di ojú. Nígbà tó la ojú, wọ́n ti dúró lẹ́bàá ọ̀nà, òórùn rọ́bà jíjó sì gba inú mọ́tò.

"Tírélà yẹn ni," ni Clive wí. "Ó sáré kọjá lára wa bíi wèrè. Atẹ́gùn ẹ̀ ló gbá wa."

Kò pẹ́, tírélà funfun náà kọjá, ó rọra dúró níwájú wọn. Awakọ̀ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ọkùnrin kan tó sanra, tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn. Ó rìn wá síbi fèrèsé Hazel, ó ní, "Olùfẹ́ mi, ṣé ẹ ò fara pa?" Bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo obìnrin lágbègbè yẹn nìyẹn. Hazel sọ gíláàsì kalẹ̀, ó bú ọkùnrin náà débi ìyá tó bí i. Ó pè é ní apààyàn. Ọkùnrin náà wo Clive, Clive ń wo ọwọ́ ìtọ́kọ̀. Ni ọkùnrin náà bá padà sínú ọkọ̀ ẹ̀.

Èyí tó wá burú jù ni ti tẹlifóònù. Irú tírélà bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà kan sí ẹ̀yìn ẹ̀, pé kí ẹni tí awakọ̀ náà bá ṣẹ̀ pe iléeṣẹ́. Hazel ti há nọ́ńbà náà sórí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pè wọ́n. Ó ní awakọ̀ wọn fẹ́ pa òun àti ọkọ òun lọ́sàn-án gangan. Ó ní tí wọn ò bá dá ọkùnrin náà dúró, òun á gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Clive jókòó sí òdìkejì tábìlì, ó ń fi jáàmù pa búrẹ́dì. Kò ní kó pè, kò ní kó má pè. Ó jẹ búrẹ́dì náà tán, ó gbọ́n ẹ̀rúnrún ẹ̀ dànù.

Ìbẹ̀rù ọjọ́ yẹn ló gbé Hazel lọ kẹ́kọ̀ọ́. Ó rò ó pé bí Clive bá dákú lé ọwọ́ ìtọ́kọ̀ lọ́jọ́ kan, ta ni yóò fa ilé délé? Wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin ní fífa kàráfáànù ní pápá kan nítòsí Harrogate. Ó lọ síbẹ̀, ó sì sọ fún Clive pé ilé Pauline àbúrò òun lòun wà, torí tó bá gbọ́, ẹ̀rín ló máa rín. Moira ni orúkọ olùkọ́ wọn, obìnrin gíga kan tó ti fi mọ́tò fa ọkọ̀ ẹṣin kiri ìlú rí. Ó mú wọn mọ orúkọ gbogbo nǹkan. Ó fi orí ìsomọ́ hàn wọ́n, èyí tó ń gbé bọ́ọ̀lù irin ìdí mọ́tò mì. Ó fi okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ hàn wọ́n, tó jẹ́ pé bí kàráfáànù bá já, òun ló máa fa bíréèkì ẹ̀ kó má baà lọ pa ẹlẹ́sẹ̀. Ó ní irin mẹ́rin tí wọ́n ń yí sílẹ̀ ní igun ilé, kí ilé má mì ni, kì í ṣe jáàkì, ẹni tó bá fi ṣe jáàkì á sanwó ẹ̀. Ó wá ṣàlàyé ìwọ̀n imú, ìyẹn ìwúwo tí imú kàráfáànù fi ń tẹ ìdí mọ́tò mọ́lẹ̀. Mọ́tò kọ̀ọ̀kan ló ní èyí tó lè gbà. Imú ò gbọdọ̀ wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì gbọdọ̀ fúyẹ́ jù.

Lẹ́yìn náà ni Moira gbé ẹ̀rọ kékeré kan sórí tábìlì, tí bẹ́líìtì ń yí lórí ẹ̀. Ó gbé mọ́tò ìṣeré lé e, ó so kàráfáànù ìṣeré mọ́ ọn nídìí. Ó kó irin sáàárín kàráfáànù náà, lókè táyà. Kàráfáànù ń lọ jẹ́ẹ́. Ó fi ìka ta á lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní atẹ́gùn nìyẹn. Ó mì lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ó wá pín irin sí méjì, ó kó apá kan sí imú, ó kó èkejì sídìí pátápátá. Ó wọn imú: òṣùwọ̀n ò yí padà. Ó tún fi ìka kan náà ta á. Kàráfáànù fì, ó tún fì, ó fì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó fa mọ́tò kúrò lórí bẹ́líìtì, àwọn méjèèjì balẹ̀ gbì. Àwọn obìnrin yòókù rẹ́rìn-ín. Hazel ò rẹ́rìn-ín. Ó mọ fífì yẹn. Ó tún mọ ẹni tó máa ń kó àgọ́ tí wọ́n ń ta sẹ́nu ọ̀nà, páálí bíà àti àpótí irinṣẹ́ lọ sí yàrá ìwẹ̀, lẹ́yìn ilé pátápátá, nígbàkígbà tí imú bá wúwo jù.

"Tí tírélà bá wá kọjá lára ẹ̀ ńkọ́?" ló bi Moira.

"Tírélà lè ta ìka sí i," ni Moira wí. "Ṣùgbọ́n kàráfáànù tí wọ́n di ẹrù ẹ̀ re, á mì, á dúró ni. Èyí tó bá di ejò lójú ọ̀nà, ilé ni wọ́n ti di ejò sínú ẹ̀."

Òun ni ìjà tí Hazel ń gbé kiri. Kì í ṣe pé Clive kò mọ ẹrù dì ló ń dùn ún. Ta ni kì í ṣe àṣìṣe? Ti ọkùnrin tírélà tí wọ́n dá lẹ́bi ló ń dùn ún. Síbẹ̀, ó ń rò ó pé bóyá ọkọ òun gba irọ́ ara ẹ̀ gbọ́, bóyá ó rò lóòótọ́ pé tírélà ni. Ìrònú yẹn ló ń mú un dúró de mọ́tò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí wọ́n máa lọ, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Hazel wà nínú kàráfáànù, ó ń gé wàràkàṣì sí búrẹ́dì, fèrèsé sì ṣí sílẹ̀. Níta, Clive ń bá àwọn aládùúgbò wọn tuntun sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́ ni wọ́n: Kieran, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná, àti Tamsin ìyàwó ẹ̀, pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ eyín. Kàráfáànù wọn àkọ́kọ́ nìyí, àlòkù ni. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ fà á gba orí òkè Shap lọ sí Scotland.

"Ẹ jọ̀ọ́, Clive," ni Kieran ń wí, "mo ti òṣùwọ̀n sábẹ́ imú ẹ̀. Ó ju ohun tí mọ́tò wa lè gbà lọ. Ó jù ú lọ dáadáa."

Clive rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ló ń bà ẹ́ lẹ́rù? Ẹ súnmọ́bí, ẹ wá gbọ́ àṣírí àgbà. Kí lẹ kó síwájú?"

"Gáàsì. Àgọ́. Àwọn oúnjẹ inú agolo tí màmá Tamsin dì fún wa."

"Àgọ́ àti agolo, ẹ kó wọn lọ sẹ́yìn. Ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí ẹ ti ń wẹ̀. Imú á gbéra fúnra ẹ̀. Ṣé ẹ ti gun jangirọ́fà rí? Òun náà nìyẹn."

Hazel gbọ́ bí Kieran ṣe ń lọ tó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrù. Ó gbọ́ bó ṣe tún gbé òṣùwọ̀n sílẹ̀. Ó gbọ́ ohùn ẹ̀ tó yọ̀. "Ó ti wálẹ̀. Ó wálẹ̀ géérégé."

"Kí ni mo wí?" ni Clive dáhùn.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ni wọ́n máa ń wí. Àgbà ti pápá yìí fọwọ́ ara ẹ̀ wọ́ orí ọmọ tuntun, ó sì ń retí kí wọ́n dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Hazel ṣì dúró, ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ó ní kí òun fún un láyè kan sí i.

Tamsin ló fún un ní àyè náà. Ó gbé ọmọ lé èjìká, ó ń gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́. "Ẹ̀rù Shap yẹn ń bà mí o. Wọ́n ní atẹ́gùn ń jà níbẹ̀. Clive, ṣé tiyín ò di ejò rí?"

"Tèmi kẹ̀?" ni Clive wí. "Láti ìgbà tí mo ti ń fa kàráfáànù, ká má rí i. Ẹni tí ò mọ ẹrù dì ni tiẹ̀ ń di ejò, ọmọ mi."

Hazel gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú sálúbàtà ilé nínú koríko tútù, ó sì gbàgbé pé mọ́tò kankan wà láyé tí wọ́n ti ń jà.

"Clive Garforth, tún un sọ."

"Hazel, ṣé búrẹ́dì ti délẹ̀ ni?"

"Mo ní tún un sọ. Wo ojú mi, kí o sọ pé tìẹ ò di ejò rí."

Ife tíì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ẹnu ọ̀nà gbogbo. Clive rí wọn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Jẹ́ ká lọ sínú mọ́tò."

"Mi ò lọ sínú mọ́tò. Inú mọ́tò lo ti fẹ́ pa mí nígbà ìrúwé." Ó yíjú sí Kieran. "Kó àgọ́ yẹn kúrò lẹ́yìn. Báyìí. Má dúró máa wò mí."

"Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ní—"

"Imú ni òṣùwọ̀n ń wọ̀n, kì í wọn ìdí. Tí o bá kó o sídìí, imú á fúyẹ́, òṣùwọ̀n á ní o káre láé, ẹ̀yin àti ọmọ yín á sì máa fì lórí Shap títí ilé á fi dojú dé. Àárín ni kí o kó nǹkan wíwúwo sí. Nílẹ̀ẹ́lẹ̀, lókè táyà. Èyí tí kò bá gba ibẹ̀, kó o sínú mọ́tò. Èyí tí kò bá gba inú mọ́tò, gbé e wá fún mi, mo mọ agolo ṣí."

Kieran wo Clive. Ìwò yẹn tún dá kún ìbínú Hazel. "Kí lo ń wo òun fún? Ṣé ọmọ tiẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ìyàwó ẹ?" Tamsin ò tilẹ̀ dúró de ọkọ. Ó gbé ọmọ lé Kieran lọ́wọ́, ó wọlé lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ àgọ́ bọ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ ní gbogbo èyí?" ni Clive bi í.

"Obìnrin kan tó ń jẹ́ Moira, ní Harrogate."

"Harrogate? Ọjọ́ wo lo dé Harrogate?"

"Ọjọ́ tí o rò pé mo wà nílé Pauline."

"O parọ́ fún mi?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ife tíì. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, Hazel fúnra ẹ̀ ì bá rẹ́rìn-ín. "Ẹnu irọ́ rèé o. Ẹ wá gbọ́, gbogbo yín. Ìtàn tírélà tí mo ń sọ kiri pápá yìí, ẹ gbàgbé ẹ̀. Àgọ́ wa, bíà ẹ̀, àpótí irinṣẹ́ ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló wà lẹ́yìn lọ́jọ́ náà. Òun ló dì í. Ọwọ́ tírélà kankan ò sí nínú ọ̀rọ̀. Èmi sì pe iléeṣẹ́ ọkùnrin yẹn, mo ní kí wọ́n dá a dúró, èyí sì jókòó níwájú mi, ó ń jẹ búrẹ́dì."

Malcolm, arúgbó tó wà nínú kàráfáànù aláwọ̀ ewé, bọ́ síwájú. "Hazel, ẹ jẹ́ kó tutù. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni."

"Malcolm, mu tíì ẹ."

Malcolm mu tíì ẹ̀. Clive dúró láàárín pápá, apá ẹ̀ tó máa ń nà fún àlejò rọ̀ wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ méjèèjì. Ó yípadà, ó wọlé, ó fa ilẹ̀kùn dé. Ilẹ̀kùn kàráfáànù kò ṣeé gbá. Ó kàn dún kẹ́ ni.

Hazel kò tẹ̀lé e títí ó fi rí i pé agolo tó kẹ́yìn ti kúrò ní yàrá ìwẹ̀ àwọn ọmọ náà. Nígbà tó wọlé, Clive ti jókòó sórí àga gígùn tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Kò tan iná.

"O ti sọ mí di ẹlẹ́yà," ni Clive wí.

"Ìbéèrè kan ni mo ní. Nígbà tí o ní kí wọ́n kó àgọ́ lọ sẹ́yìn, ṣé o mọ̀ ni àbí o ò mọ̀?"

Hazel dúró. Ó dúró débi tó fi ń bẹ Ọlọ́run pé kí Clive ní òun ò mọ̀.

"Níbo lo rò pé àgọ́ tiwa wà báyìí?" ni Clive wí níkẹyìn.

"Ẹ̀yìn, níbi tí o máa ń gbé e sí."

Clive dìde. Ó gbé tìmùtìmù àga tó jókòó lé kúrò, ó ṣí pákó abẹ́ ẹ̀. Àgọ́ náà wà níbẹ̀, wọ́n ká a dáadáa, lókè táyà gẹ́lẹ́. Àpótí irinṣẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Láti ìgbà ìrúwé ni Hazel ti ń jókòó lé wọn mu tíì.

Ó mọ̀. Ó ti wádìí ẹ̀, ó ti tún tiẹ̀ ṣe ní bòókẹ́lẹ́, ó sì jáde síta lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun. Inú bí Hazel gan-an. Ó fọwọ́ di etí tábìlì mú, torí bó bá ju ọwọ́ náà sílẹ̀, kò mọ ibi tó máa bà.

"Kí ló dé?"

"Èèyàn mélòó ni mo ti kọ́ lórí pápá yìí?" ni Clive wí. "Malcolm wà níbẹ̀. Gbogbo wọn wà níbẹ̀. Tí mo bá sọ nǹkan mìíràn fún àwọn ọmọ yẹn, wọ́n máa ní ìgbà wo ló yí padà. Wọ́n máa bi mí pé kí ló yí i padà."

"Tírélà yẹn ńkọ́?"

Clive tún jókòó. "Èmi ni mò ń kọjá lára ẹ̀. Mò ń sáré, Hazel. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, mi ò mọ̀ pé mo ti ń sáré tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó rí i pé a ń fì, ó fà sẹ́yìn wa, ó tan gbogbo iná ẹ̀, ó dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń bọ̀. Ó dí i títí a fi rí ẹ̀bá ọ̀nà."

"Ó dí i fún wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó wá sọ̀kalẹ̀, ó wá kí mi, mo ní apààyàn ni. O sì jókòó síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo gbé fóònù, o tún jókòó síbẹ̀. Clive, kí ló dé tí o jẹ́ kí n pè wọ́n?"

"Tí mo bá ní kí o má pè, o máa bi mí pé kí ló dé."

Hazel sunkún nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹkún ìbínú ni; ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún bí ẹni tó ń gbá eṣinṣin. Clive na ọwọ́ sí i. Ó ní kó gbé ọwọ́ náà kúrò.

Láàárọ̀, ó rìn lọ sí ẹnu géètì, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù wà, ó pe iléeṣẹ́ tírélà. Ó sọ ọjọ́ náà, ó sọ ojú ọ̀nà náà. Ó ní òun ni obìnrin tó pè nígbà yẹn, irọ́ ni òun pa láì mọ̀, ọkùnrin náà ló gba àwọn là, òun fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀. Ọmọbìnrin tó gbé e ní kó dúró díẹ̀. Nígbà tó padà, ó ní ọkùnrin yẹn ò sí lọ́dọ̀ wọn mọ́. Hazel ní ṣé nítorí òun ni. Ọmọbìnrin náà ní àwọn kì í sọ irú ẹ̀. Hazel ní kó jọ̀ọ́, kó kàn sọ orúkọ ẹ̀ fún òun. Ìyẹn náà, wọn kì í sọ ọ́. Ó dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, àwọn àgùntàn ń wò ó, ó sì ń ronú pé òun ti bú ènìyàn débi ìyá tó bí i, òun ò sì mọ orúkọ tí ìyá náà sọ ọ́.

Nígbà tó padà dé pápá, Clive ti yí irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin igun sókè, ó ti so ilé mọ́ mọ́tò. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀. Hazel na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́. Clive wo ọwọ́ náà, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ lé e. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Kieran ti ń ti òṣùwọ̀n sábẹ́ imú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbójú sókè, ó mi orí sí Hazel pé ó dára.

Iná ni wọ́n máa ń wò kẹ́yìn kí wọ́n tó gbéra. Ẹnì kan á jókòó sídìí ọwọ́ ìtọ́kọ̀, á máa tàn án; ẹnì kejì á dúró lẹ́yìn kàráfáànù, á máa ké ohun tó bá rí. Ẹni tó jókòó ò lè rí iná náà. Ohun tí ẹni ẹ̀yìn bá wí ni yóò gbà, tí yóò sì gbé sọ́nà. Hazel jókòó, ó tún àga ṣe, ó yí dígí sí ojú ara ẹ̀. Clive rìn lọ sẹ́yìn láì jẹ́ pé ó rán an.

Hazel tan iná ọwọ́ ọ̀tún.

"Ó ń ṣẹ́jú," ni Clive ké.

Ó tan tòsì.

"Ó ń ṣẹ́jú."

Ó tẹ bíréèkì.

"Ó tàn."

"Méjèèjì?"

"Méjèèjì ló tàn, Hazel."

Hazel kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Ó yọ orí síta, ó wo ibi tí Tamsin ti ń de ọmọ mọ́ àga nínú mọ́tò wọn.

"Tamsin," ó ní, "jọ̀ọ́, wá bá mi wo iná yìí."